Èéfín Ni Ìwà: Ìtàn Ìtọ́wò Sìgá Àfọwọ́wé ti Havana

ÌFÁÀRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èéfín ni ìwà. Bí ó ti wù kí a bò ó mọ́lẹ̀ tó, rírú ni yóò rú jáde. Ìwà ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí òwe náà bá mu wẹ́kú, nítorí pé nínú èéfín gan-an ni a ti ń mọ ìwà rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ náà ni sìgá àfọwọ́wé tí àwọn ará Kúbà ń ṣe ní ìlú Havana. Kì í ṣe sìgá wẹ́wẹ́ tí a fi tákàdá wé, tí wọ́n ń tà ní páálí ní ìgboro wa, ni à ń wí. Èyí tí à ń wí kò ní tákàdá nínú rárá. Ewé tábà ni inú rẹ̀, ewé tábà ni ìdè rẹ̀, ewé tábà náà sì ni aṣọ tí a fi bò ó. Ọwọ́ ni a fi ń wé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí ó ń mu ún a máa dá a lẹ́jọ́ bí ọ̀mu tí ó gbó ti ń dá ẹmu lẹ́jọ́: wọn a wo àwọ̀ rẹ̀, wọn a gbọ́ òórùn rẹ̀, wọn a sọ irú adùn tí ó wà nínú rẹ̀, wọn a sì fún un ní máàkì.

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí a ń dá lẹ́jọ́ gan-an. Mo fẹ́ fi hàn pé òdiwọ̀n tí olówó fi ń tọ́ sìgá wò lónìí, láti ọwọ́ àwọn tí ó gbin tábà àti àwọn tí ó wé e ni ó ti wá. Orúkọ ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ ni ó wà lára páálí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó wà nínú èéfín. Ọ̀ràn náà kàn wá ní ọ̀nà méjì. Èkíní, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí níbẹ̀, wà lára àwọn tí ó fi òógùn ojú wọn kọ́ ilẹ̀ náà. Èkejì, tábà wà lára ọjà tí a fi ra ènìyàn ní etí òkun tiwa, ìtọ́wò sì ní ipa tí ó kó nínú òwò náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́: ìtàn ni mo ń sọ, n kò pe ẹnikẹ́ni sí ìdí èéfín. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ ìlera kí n tó parí.

IBI TÍ EWÉ NÁÀ TI WÁ

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1492, Christopher Columbus rán ọkùnrin méjì, Rodrigo de Jerez àti Luis de Torres, wọ inú ilẹ̀ Kúbà lọ. Ààfin ọba ńlá kan ni wọ́n ń wá. Wọn kò rí ọba; àwọn Taíno tí ó ni ilẹ̀ ni wọ́n bá pàdé, tí wọ́n mú ewé gbígbẹ tí a ká lọ́wọ́, tí wọ́n ti iná bọ orí rẹ̀ kan, tí wọ́n sì ń fa èéfín rẹ̀ láti orí kejì. Lọ́dọ̀ àwọn Taíno, tábà kì í ṣe ohun ìgbádùn lásán. Oògùn ni, ohun ìbọ sì ni. Kò pé ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà tí àìsàn, ogun àti iṣẹ́ àṣekú fi pa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ewé wọn kò bá wọn kú.

Ní ọdún 1717, ọba Sípéènì sọ tábà Kúbà di ọjà tirẹ̀ nìkan. Òun nìkan ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ tà á fún, iye tí ó bá sì wù ú ni yóò san. Àwọn àgbẹ̀ tábà, tí wọ́n ń pè ní vegueros, fárígá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dìde: ní 1717, ní 1720 àti ní 1723. Ní ìgbà kẹta, ìjọba mú nínú wọn, ó pa wọ́n, ó sì so òkú wọn rọ̀ ní ojú ọ̀nà ní Jesús del Monte kí ẹ̀rù lè ba àwọn tí ó kù. Ọdún 1817 ni òfin náà tó kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ sìgá ti ń hù ní Havana bí olú: Por Larrañaga ní 1834, H. Upmann ní 1844, Partagás ní 1845, Romeo y Julieta ní 1875. Nígbà tí ayédèrú gba ọjà kan, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi òǹtẹ̀ ìdánilójú sí ara páálí ní 1889. Òfin ọdún 1912 sì tún fìdí òǹtẹ̀ náà múlẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ Havana ti di ohun tí olówó ayé ń fi yangàn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé orúkọ olówó ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí, tàbí orúkọ inú ìwé ìtàn. Kò sí orúkọ àgbẹ̀ kankan níbẹ̀.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ MỌ̀

Ní ìwọ̀-oòrùn Kúbà, ní ìpínlẹ̀ Pinar del Río, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Vuelta Abajo. Àgbègbè San Luis àti San Juan y Martínez ni ọkàn rẹ̀. Ilẹ̀ pupa oníyanrìn ni, omi kì í dúró nínú rẹ̀, òjò kì í sì í pọ̀ níbẹ̀ ní àkókò tí tábà ń dàgbà. Hóró tábà kéré bí eruku. Inú ọgbà kékeré ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ márùndínláàádọ́ta, kí wọ́n tó ṣí i lọ gbìn sí oko. Nígbà tí igi rẹ̀ bá ga, àgbẹ̀ yóò já òdòdó orí rẹ̀ dànù, kí agbára má baà bá èso lọ, kí ó lè jókòó sínú ewé. Wọn kì í gé igi náà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ewé ni wọ́n ń já, ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọjọ́ mélòó kan a sì máa wà láàrin ìjá kan àti èkejì.

Ipò tí ewé wà lára igi ni ó ń fún un ní orúkọ àti iṣẹ́. Ewé ìsàlẹ̀ ni volado. Kò lágbára, ṣùgbọ́n iná a máa ràn án kíákíá. Ewé àárín ni seco. Òun ni ó ni òórùn dídùn. Ewé òkè, tí oòrùn ń pa jù lọ, ni ligero. Òun ni agbára sìgá. Ìtumọ̀ ligero ní èdè Sípéènì ni ohun tí ó fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó wúwo jù lẹ́nu. Orúkọ kò ro ewé yìí. Èyí tí a ó fi ṣe aṣọ ìbora, abẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ta bo oko ni a ti ń gbìn ín, kí oòrùn má baà mú un le, kí ó lè fẹ̀, kí ó sì jọ̀lọ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, wọn a fi òwú so ewé náà kọ́ sí abà, afẹ́fẹ́ ni yóò sì gbẹ ẹ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́, títí àwọ̀ ewé yóò fi di àwọ̀ igi. Lẹ́yìn náà ni wọn óò kó o jọ ní òkìtì, wọn óò bò ó mọ́lẹ̀. Ooru yóò mú láti inú òkìtì náà, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ kòkó ti ń bo kòkó tútù mọ́ abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ìkorò rẹ̀ lè rọ̀. Òórùn kíkan tí ń ta ni nímú bí ìtọ̀ yóò jáde lọ, èyí tí ó dára ni yóò kù. Bí ooru bá mú jù, ewé á bàjẹ́. Bí kò bá mú tó, sìgá yóò máa ta ni ní ahọ́n. Ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì ni ó mọ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó di ewé náà ní ẹrù, a ó sì fi í pa mọ́ títí yóò fi gbó. Ligero ni ó ń pẹ́ jù. Ó tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàrin gbogbo iṣẹ́ yìí, àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣa ewé, tí ń yà á sọ́tọ̀, tí ń yọ ọ̀pá àárín rẹ̀ kúrò. Ìtàn kan tàn kálẹ̀ ní òkèèrè pé orí itan àwọn wúńdíá ni a ti ń wé sìgá Kúbà. Irọ́ ni. Àwọn tí ń ṣa ewé ni ó máa ń tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ti jókòó, àwọn àlejò sì sọ ohun tí wọ́n rí di àròbá. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n rí ni pé obìnrin tí ń ya ewé sọ́tọ̀ ti ń tọ́ sìgá wò kí ó tó di sìgá. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀.

ỌWỌ́ TA NI?

Ní 1940, Fernando Ortiz, onímọ̀ ọmọ Kúbà, tẹ ìwé gbajúmọ̀ kan jáde nínú èyí tí ó ti gbé tábà àti ìrèké sórí ìwọ̀n kan náà. Lójú rẹ̀, ìrèké ni ó mú ẹrú àti ẹ̀rọ ńláńlá wá. Tábà ní tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kékeré tí ó dá dúró, tí ó ń fi sùúrù tọ́jú ewé kọ̀ọ̀kan. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn vegueros kì í ṣe ẹrú. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Ìwádìí àwọn òpìtàn tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé ẹrú pọ̀ ní oko tábà Vuelta Abajo ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní Havana pẹ̀lú, ẹrú wà lára àwọn tí ó ń wé sìgá, àti àwọn adúláwọ̀ tí ó ti gba òmìnira, àwọn ará Ṣáínà tí a fi àdéhùn kó wá, àti ẹlẹ́wọ̀n pàápàá.

Àkókò yìí gan-an ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Àwọn tí a kó nínú ogun wọ̀nyí, tí a sì tà sí ojú omi, ni púpọ̀ nínú àwọn Lùkùmí Kúbà. Ọkọ̀ ẹrú ṣì ń dé erékùṣù náà títí di àárín àwọn ọdún 1860. A kò sì fi òpin sí oko ẹrú níbẹ̀ títí di 1886. Oko ìrèké ni a kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn lọ, n kò sì fẹ́ fi ohun tí kì í ṣe tiwọn fún wọn. Ṣùgbọ́n ìlú tí ń ta sìgá fún ọba àti ọlọ́rọ̀ ayé, ìlú tí ẹrú ń gbé ẹrù inú rẹ̀, tí ẹrú ń ṣe oúnjẹ inú rẹ̀, tí ẹrú sì wà ní ìdí pákó sìgá inú rẹ̀, kò lè sọ pé òmìnira nìkan ni òun fi wé ewé.

Ohun kan wà tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Tábà wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà ní Kúbà. Títí di òní, àwọn olórìṣà níbẹ̀ a máa tu èéfín sìgá sí ojúbọ Ẹlẹ́gbá, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ewé tí àwọn Taíno fi ń bọ ohun tí wọ́n ń bọ ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn òrìṣà tí ó ti ilẹ̀ wa lọ. Ẹni tí a kó lẹ́rú kò lè yan ilẹ̀ tí yóò dé, ṣùgbọ́n ó yan ohun tí yóò fi bọ òrìṣà rẹ̀ nínú ohun tí ó bá níbẹ̀.

ILÉ IṢẸ́ TÍ A TI Ń KÀWÉ

Nínú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́, àwọn awésìgá, tí wọ́n ń pè ní torcedores, máa ń jókòó ní ìlà bí ọmọ ilé ìwé. Pákó kan wà níwájú olúkúlùkù, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan tí kò ní èèkù, tí wọ́n ń pè ní chaveta, àti oje igi díẹ̀ tí kò ní adùn, fún lílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ara sìgá yẹ fún àfiyèsí. Inú rẹ̀ ni tripa, èyí ni ìfun. Ewé tí ó di ìfun mọ́ra ni capote, ewé tí ó bò ó ní òde ni capa. Aṣọ ìlékè ni orúkọ méjèèjì wọ̀nyí ń tọ́ka sí. Awésìgá yóò ṣẹ́ ewé ìfun po ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ lè wà láàrin wọn, yóò fi ligero sí àárín gbùngbùn, yóò dì í, yóò fi í sínú àpótí ìtẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wọ̀ ọ́ láṣọ. Bí ó bá dì í le jù, èéfín kò ní lè kọjá. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́ jù, yóò jó gbaragbara, yóò sì gbóná lẹ́nu. Kò sí ohun tí ó lè sọ ìwọ̀n tí ó tọ́ fún un bí kò ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1865, ní ilé iṣẹ́ El Fígaro ní Havana, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Wọ́n yan ẹnì kan nínú wọn pé kí ó máa ka ìwé sókè ketekete nígbà tí àwọn tí ó kù bá ń wé sìgá, wọ́n sì ń dá owó jọ láti san owó iṣẹ́ rẹ̀. Saturnino Martínez, awésìgá tí ó tún jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn La Aurora, wà lára àwọn tí ó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ Partagás tẹ̀ lé wọn. Ìjọba amúnisìn fura sí i, ó sì fòfin dè é ní 1866. Ṣùgbọ́n ó tún padà. Ìwé ìròyìn, ìtàn àròsọ àti ìwé ìṣèlú ni wọ́n ń kà. Bí ìwé bá dùn mọ́ wọn, chaveta ni wọ́n ń fi lu pákó dípò àtẹ́wọ́. A gbọ́ pé ibẹ̀ ni sìgá Montecristo, tí ó jáde ní 1935, ti gba orúkọ rẹ̀, nítorí ìtàn Alexandre Dumas tí àwọn awésìgá fẹ́ràn láti máa gbọ́.

Àṣà yìí bá wọn dé Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí Vicente Martínez Ybor ti tẹ àdúgbò ilé iṣẹ́ sìgá dó sí Tampa ní àwọn ọdún 1880. Láàrin àwọn awésìgá ibẹ̀ ni José Martí ti kó owó jọ fún ogun òmìnira Kúbà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1895. Paulina Pedroso, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Kúbà, ni ó ń gbà á sí ilé rẹ̀ ní Tampa. Àwọn olówó ilé iṣẹ́ lé òǹkàwé kúrò ní Tampa ní 1931. Ní Kúbà, òǹkàwé kò lọ. Ní 2012 ni ìjọba ibẹ̀ kà á mọ́ ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé àwọn kan rò pé ọwọ́ ni awésìgá ń lò, pé orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ó lè dá ìwé lẹ́jọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò lè ṣe aláìmọ bí a ti ń dá ewé lẹ́jọ́.

BÍ A TI Ń TỌ́ SÌGÁ WÒ

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ń tọ́ sìgá wò wà nínú ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Catadores ni wọ́n ń pè wọ́n. Òwúrọ̀, nígbà tí ẹnu ṣì mọ́, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í mu sìgá kan tán. Apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mu, wọn a sì fi tíì tí kò ní ṣúgà ṣan ẹnu kí wọ́n tó mú òmíràn. Òórùn, adùn, agbára, bí ó ti ń fà àti bí ó ti ń jó ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti to sìgá sínú páálí ní ìbámu pẹ̀lú àwọ̀. Wọ́n ní àwọ̀ tí ojú wọn lè yà sọ́tọ̀ lé ní ọgọ́ta. Òdiwọ̀n tí àwọn wọ̀nyí ń lò ni ẹni tí ó ra sìgá ń lò lẹ́yìn wọn, bí ó tilẹ̀ rò pé ọgbọ́n tirẹ̀ ni.

Ojú ni ó ń kọ́kọ́ tọ́ sìgá wò. Ewé ìbora gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀, kí ó máa dán díẹ̀ bí ara ẹni tí ó fi àdí pa ara, kí iṣan rẹ̀ má ṣe hàn gbangba. Lẹ́yìn ojú ni ìka. A ó rọra tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìdí; kò gbọ́dọ̀ ní kókó, kò sì gbọ́dọ̀ ní ihò. Lẹ́yìn náà ni imú, kí a tó fi iná sí i. A ó gé orí rẹ̀ díẹ̀, a ó sì fà á láìtaná, kí a mọ̀ bóyá ọ̀nà rẹ̀ là.

Nígbà tí a bá fẹ́ fi iná sí i, ìṣáná onígi ni ó dára jù, nítorí òórùn epo. A kì í gbé èéfín rẹ̀ mì. Ẹnu ni a ń dá a dúró sí, kí ahọ́n àti imú lè jọ gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan láàrin ìṣẹ́jú kan tó láti fà á, kí ó má baà gbóná. Agbára àti adùn kì í ṣe ọ̀kan náà: sìgá lè ní agbára tí yóò mú kí ojú kọ́ni, kí ó má sì ní adùn kankan; òmíràn lè tutù, kí adùn rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n mu a máa dárúkọ kọfí, kòkó tí a yan, awọ, igi kédárì, ata, àti ilẹ̀ tútù. Èdè tiwa náà kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún irú ìmọ̀lára wọ̀nyí. A ní dídùn àti kíkorò, kíkan àti títa. A mọ òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, a sì mọ̀ pé adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro.

Sìgá kan kò ní adùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdá mẹ́ta ni wọ́n ń pín in sí. Àwọn Faransé a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ìdá kìíní dà bí koríko gbígbẹ, ìdá kejì ti ọ̀run wá, ìdá kẹta sì dà bí ìgbẹ́ màlúù. Bí ó ti ń jó sún mọ́ ẹnu ni ooru àti ọ̀dà ń pọ̀ sí i; nítorí náà ni ẹni tí ó gbọ́n fi ń jù ú sílẹ̀ kí ó tó tán. Ní gbogbo àkókò yìí, ojú yóò máa wo eérú. Eérú tí ó dúró gbọnyin lẹ́nu sìgá, tí kò tètè já, ń jẹ́rìí pé odindi ewé gígùn ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èérún. Iná tí ó jó lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ ń sọ pé a kò to ìfun náà dọ́gba. Ẹ ò rí i pé kò sí èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan nínú gbogbo ohun tí à ń wò. Eérú ń sọ̀rọ̀ awésìgá. Àwọ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣa ewé. Ahọ́n tí kò jóni ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣọ́ òkìtì. Agbára ń sọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí ó mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó já ewé òkè. Èéfín ni ìwà lóòótọ́.

ADÙN LẸ́NU TA NI?

Ṣé ahọ́n lè dájọ́ kí ó má ṣe ojúsàájú? Ìtàn etí òkun tiwa lè dá wa lóhùn. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti kejìdínlógún, àwọn Pọtogí ń gbin tábà ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Èyí tí ó dára jù lójú wọn ni wọ́n ń kó lọ sí Lisbon. Èyí tí wọ́n kà sí ẹ̀ṣà, tí wọn kò fẹ́ kí ó dé Lisbon, ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń fi oyin ìrèké pa lára dáadáa kí ó má baà gbẹ, tí wọ́n sì ń kó wá sí Ouidah, àti nígbà tí ó yá, sí Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó. Pierre Verger, tí ó jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ òwò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣàlàyé pé ẹ̀ṣà yìí gan-an ni àwọn oníṣòwò etí òkun wa fẹ́ràn jù. Adùn oyin tí ó wà lára rẹ̀ mú wọn lọ́kàn débi pé àwọn Òyìnbó mìíràn ń wá ọ̀nà láti rí tábà Bahia kí ọjà wọn lè tà.

Ohun tí Lisbon kọ̀ ni Ouidah yàn. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ adùn nìkan, kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹnu kálukú ni ó mọ ohun tí ó dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n ń gbà ní pàṣípààrọ̀. Ẹni tí ó tọ́ tábà náà wò ní etíkun, tí ó mi orí, tí ó sì sọ pé èyí dára, ọmọ ẹlòmíràn ni ó fi san owó rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ mọ oyin tí ó wà lára tábà. Kò bi í léèrè ẹni tí ó gé ìrèké rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹrú ni, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé etíkun yẹn kan náà ni a ti kó o lọ. Èyí ni mo fi ń sọ pé ìtọ́wò tí ó mọ ẹnu nìkan, tí kò mọ ọwọ́, kò tíì pé.

ÌDÁJỌ́ ÒDE ÒNÍ

Ní oṣù kẹsàn-án 1960, ìjọba Fidel Castro gba ilé iṣẹ́ sìgá Kúbà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n. Ní oṣù kejì 1962, Ààrẹ Kennedy fòfin de ọjà Kúbà ní Amẹ́ríkà. Pierre Salinger, tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ròyìn lẹ́yìn náà pé alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni Ààrẹ rán òun pé kí òun lọ ra sìgá Upmann wá fún un, òun sì rí 1,200 kó wá. Púpọ̀ nínú àwọn olówó àtijọ́ sá lọ sí òkèèrè. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbin irúgbìn Kúbà ní ilẹ̀ Dominican àti Nikarágúà, tí a sì ń wé sìgá tí ó ń bá ti Havana du ipò níbẹ̀. Ewé ìbora tí ó wá láti Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa, náà wà lára èyí tí àwọn atọ́wò ń yìn. Ní Havana, Cohiba, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1966 fún Castro àti àwọn àlejò ìjọba, ni ó di olórí gbogbo sìgá; ó sì yẹ kí a rántí pé àwọn obìnrin ni a kọ́ ní iṣẹ́ wíwé ní El Laguito, ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 1992, ìwé ìròyìn Cigar Aficionado bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ń fún sìgá ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń bo orúkọ sìgá mọ́lẹ̀ kí àwọn atọ́wò rẹ̀ má baà fi orúkọ dájọ́. Èyí dára bí ó ti mọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bò mọ́lẹ̀ yóò tún padà hàn ní ìparí, orúkọ olówó ni yóò sì jẹ́. Ti awésìgá kò ní hàn. Owó páálí Cohiba kan ní London ju owó oṣù awésìgá tí ó wé e lọ fíìfíì. Nígbà tí ìjì Ian jà ní Pinar del Río ní oṣù kẹsàn-án 2022, tí ó wó ẹgbẹẹgbẹ̀rún abà tábà lulẹ̀, iye owó sìgá ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ ń béèrè.

Mo ti ṣèlérí láti sọ̀rọ̀ ìlera. Ní 1998, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé sìgá ńlá yìí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Àìgbé èéfín mì kò sọ ọ́ di aláìléwu, nítorí ẹnu tí ń tọ́ ọ wò ni oró náà ń kọ́kọ́ kàn. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, òfin ìdarí tábà jáde ní 2015. Kò sí máàkì kankan nínú ọgọ́rùn-ún tí ó yọ èyí kúrò.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti rí i pé àgbẹ̀, obìnrin tí ń ṣa ewé, awésìgá àti atọ́wò inú ilé iṣẹ́ ni ó dá òdiwọ̀n sìgá Havana sílẹ̀. Olówó yá a lò lọ́wọ́ wọn. A ti rí i pé ẹrú wà nínú ìtàn náà, ní oko àti ní ìdí pákó, àti pé ìtọ́wò ní etí òkun wa náà ní ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí èyí kọ́ wa ju ọ̀rọ̀ sìgá lọ. Bí a bá ń yin aṣọ òfì, kí a béèrè ẹni tí ó hun ún. Bí a bá ń yin ìkòkò, kí a béèrè ẹni tí ó mọ ọ́n. Ẹni tí ó bá dájọ́ iṣẹ́ láìmọ òṣìṣẹ́ ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Àgbà kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.